Ìwé Àṣírí Tí Ilé-iṣẹ́ Bísíkíìtì Kọ sí Ìbíwùnmí

Ibogun, lọ́nà Ìfọ̀,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ìbíwùnmí ọmọ mi,

O kú ọwọ́ lómi. Ṣé Dáraolúwa ń mu ọmú dáadáa? Ṣé ara rẹ̀ kò gbóná? Ṣé ẹ ń ti ilẹ̀kùn? Ọlọ́run tó fi ọmọ náà jíǹkí wa á wò ó, á sì dá ìwọ náà sí fún un. Àlàáfíà ni a wà, àfi èmi tí mi ò rí oorun sùn láti ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn.

Ìwé kan ló fà á. Ọlọ́kadà kan ló gbé e wá láti ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì yín ní Ibafo, ó ní ilé mi ni o fún wọn ní àdírẹ́sì, àti pé gbogbo ẹni tó wà ní ìsinmi ìbímọ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Mo rò pé wọ́n ti dá ọ dúró ni, ni mo bá tú u. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí lókè rẹ̀ ni pé àṣírí ni, pé àwọn òṣìṣẹ́ nìkan ló wà fún. Èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn. Mo yáa fi ògì lẹ̀ ẹ́ padà, mo tì í sábẹ́ tìmùtìmù, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí o pè ní Sátidé tí o bèèrè bóyá nǹkan kan wà, tí mo ní kò sí, àṣírí yẹn ni mò ń pa mọ́. Mùíbì tó ń fi mọ́tò ná Ibafo, tó wà níbẹ̀ nígbà tí ọlọ́kadà náà gbé e dé, ní kí n ya fọ́tò rẹ̀ sí ọ lórí Wásáàpù. Mo ní kó rọra. Ìwé àṣírí tí a bá jù sójú ọ̀run, ta ni kò ní kà á kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ?

Àárọ̀ yìí ni ìyá rẹ rí i níbi tó ti ń tún bẹ́ẹ̀dì ṣe. Ó bi mí pé orúkọ ta ló wà lára rẹ̀, mo ní tìrẹ ni. Ó ní ta wá ni mò ń fi pa mọ́ fún, bàbá Ìbíwùnmí? Ni mo bá tún un tú, mo sì kà á dé ìsàlẹ̀.

Wọ́n ní àwọn fẹ́ ra ẹ̀rọ tí yóò máa di bísíkíìtì, pé iṣẹ́ ẹni ogójì lè yí padà níbi tí ẹ ti ń dì í, ṣùgbọ́n àwọn ò tíì fẹnu ọ̀rọ̀ jóná. Wọ́n fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ sọ èrò yín, kí ẹ sì yan ẹni tí yóò bá wọn jókòó. Jímọ̀ yìí ni òpin. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ aṣọ kan l'Ágbàdo, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan rí, àfi iye aago tí mo dé. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ tì í pa, ẹnu ìyá oníbúrẹ́dì tó wà ní géètì ni mo ti gbọ́ ọ. Ìwọ wá rèé, wọ́n ń bi ọ́, èmi ni mo dùbúlẹ̀ lé ìbéèrè náà lórí.

Mo ti fi ìwé náà rán Mùíbì pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún èrò rẹ, mo ti fi pẹ́ńsùlù kọ díẹ̀ síbẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá ẹ̀rọ náà máa ń sinmi lọ́jọ́ Àìkú, mo bi wọ́n pé ta ni yóò máa jẹ èyí tó bá fọ́, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má lé ọmọ mi. Pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Kọ tìrẹ, báírò ni kí o fi kọ ọ́. Gbé ọmọ ti ìyá ọkọ rẹ lọ́la, kí o sì fọwọ́ ara rẹ gbé e lọ fún wọn.

Atẹ́gùn ti ká páànù ilé ìdáná wa. Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi rán Mùíbì. Má fi ránṣẹ́ gba báńkì, kí àwọn náà má lọ kọ̀wé àṣírí sí mi.

Ọlọ́run á fi ọ̀rọ̀ sí ọ lẹ́nu níwájú wọn. Wọn ò ní pín iṣẹ́ kí wọ́n gbàgbé rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sámúẹ́lì Ògúnkànmí