Owó Ẹni Tí Kò Ru Kọnkéré

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ púpọ̀. Mo nígbàgbọ́ pé ara rẹ le, àti pé ọ̀fun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti gbádùn. Tiwa náà dára. Ẹ̀yìn máa ń dùn mí tí mo bá jí, àmọ́ tó bá fi máa di ọ̀sán, èmi àti ẹ̀yìn náà á ti gbàgbé ara wa.

Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ sí yàrá rẹ, ó ní ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ibẹ̀ dára ju tiwa lọ. Má dá a lóhùn. Àwáwí ló ń wá láti máa jókòó síbẹ̀.

Mo gba lẹ́tà rẹ, mo kà á tán, mo tún un kà. O ní àwọn èèyàn ń kọ orin rẹ nínú ọkọ̀ àti lójú títì, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ òfo ni. O ní iléeṣẹ́ omi ti fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ akọ̀wé, àti pé tí o bá gbà á, wàá ta gìtá rẹ, nítorí o kò fẹ́ kó máa wò ọ́ láti ara ògiri. O wá bi mí pé ṣé ó tọ́ kí èèyàn máa retí pé orin yóò bọ́ òun, àbí ojúkòkòrò ni. Ohun tí mo bá sọ lo máa ṣe. Ẹrù ńlá lo gbé lé mi lórí yìí, ìwọ ọmọ yìí.

O mọ ohun tí mo máa ń sọ tẹ́lẹ̀. Ilé tí mo ti kọ́ nígboro yìí kò kéré. Àwọn tó ń gbé inú wọn ń ṣílẹ̀kùn, wọ́n ń tì í, wọ́n ń bímọ síbẹ̀, kò sí ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ti san owó mi lọ́jọ́ tí mo ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ parí. Kí ló dé tí olórin yóò fi máa gbowó lórí ohun tó ti ṣe tán? Ta ló gbé iṣẹ́ fún un? N kò tíì rí ẹni tó bá mi jiyàn lórí rẹ̀ tó borí, àyàfi ìyá rẹ, òun náà kì í jiyàn, ó kàn máa ń pòṣé ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a fẹ́ da kọnkéré sí òkè ilé kan tí à ń kọ́ fún ọkùnrin kan tó ń ta oògùn. Dẹ́kì là ń pe iṣẹ́ yẹn. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọn kì í dúró, torí tí apá kan bá gbẹ kí a tó da ìyókù, ibi tí wọ́n ti pàdé yóò sán, òjò á sì máa gba ibẹ̀ wọlé. Àwọn lébìrà tò sórí àkàbà láti ilẹ̀ dókè, wọ́n ń na páànù kọnkéré sí ara wọn. Nígbà tó di ọ̀sán, apá ti ń ro wọ́n. Ẹni tó yẹ kó gba páànù ń nu òógùn ojú. Ọ̀kan já bọ́, díẹ̀ ló kù kó ba ẹnìkan lórí. Ojú ọ̀run sì ti ń ṣú. Mo pariwo títí ohùn mi fi há, pàbó ló já sí.

Ìgbà yẹn ni ọ̀kan nínú wọn dá orin. Kúkúrú là ń pè é, òun ló sì ga jù nínú wa. Àwọn yòókù gbè é. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ wọn ti ń lọ pa pọ̀, wọ́n ń gba páànù níbi tí orin ti lọ sókè, wọ́n ń nà án níbi tó ti sọ̀ kalẹ̀. Orin rẹ ni, ọmọ mi. Èyí tí o máa ń kọ nídìí abọ́ tí o ń fọ̀, tí mo fi máa ń ní kí o jẹ́ kí n gbọ́ ìròyìn.

A parí dẹ́kì náà kí òjò tó dé. Nígbà tí wọ́n ń fọwọ́, mo bi Kúkúrú pé níbo ló ti rí orin yẹn. Ó ní, "Ha, ọ̀gá, orin àtijọ́ ni o, àwọn bàbá wa ló ni ín." Mo ní orí ọmọ mi ló ti jáde. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá, ó ti rẹ̀ yín. Ẹ lọ sinmi." Inú bí mi, inú mi sì tún ń dùn.

Ní ìrọ̀lẹ́, olóògùn kó owó àwọn òṣìṣẹ́ wá. Mo ní kó fi ti ẹnìkan kún un, ẹni tí kò ru kọnkéré, àmọ́ tí kọnkéré kì bá tí dókè láìsí i. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé èmi ni mo ní kó kọrin? Ṣebí ó ti ṣe é tán kí n tó ra ilẹ̀." Ọ̀rọ̀ ẹnu mi gan-an ni. N kò mọ̀ pé bó ṣe máa ń dún létí nìyẹn. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

N kò mọ̀ bóyá ayé jẹ ọ́ ní oúnjẹ òòjọ́. Ayé pọ̀ jù fún mi. Ebi sì lè máa pa ọ́ nígbà mìíràn, n kò ní tàn ọ́. Bi iléeṣẹ́ omi bóyá wọ́n á gbà kí o máa ṣe ìdajì ọjọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti di ọ̀gá, kò sí ẹni tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi tó relé lọ́wọ́ òfo, ìwọ náà sì ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Owó tó wà nínú lẹ́tà yìí kì í ṣe ẹ̀bùn bàbá sọ́mọ. Owó lébìrà ọjọ́ kan ni, n kò fi kún un, n kò yọ níbẹ̀. Má dúpẹ́. O mọ òfin mi níbi iṣẹ́: ẹni tó bá gbowó òní lọ́wọ́ mi, mo ń retí rẹ̀ lọ́la, pẹ̀lú irinṣẹ́ rẹ̀.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ohùn rẹ há. Kí ó jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ bọ́ ọ, kí o sì wá wò wá nígbà tí ara èmi àti ìyá rẹ ṣì le.

Èmi ni bàbá rẹ, tó tún jẹ́ ọ̀gá rẹ fún ọjọ́ kan,
Bíríkìlà.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé: ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa rẹ́ ògiri. Orin dẹ́kì yẹn yá jù fún un. Mo dá a kọ lánàá níbi tí mo ti ń rẹ́ díẹ̀ wò, sìmẹ́ǹtì ta sí mi lójú. Wá èyí tó falẹ̀ fún wa, kí o sì fi ohùn ara rẹ kọ ọ́ ránṣẹ́, kí Kúkúrú lè gbọ́ ẹni tó ni orin.