Ìyá Mi, Ẹ Má Tẹ Ẹsẹ̀ Bàbá Mọ́

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Èmi Ṣìfáwù kúnlẹ̀ kí yín láti Bàrígà níbí. Mo kí Bàbá, mo sì kí Músílíù àbúrò mi, tí mo fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí orí fóònù rẹ̀ kó lè kà á sí yín létí. Músílíù, bó o ṣe rí i ni kó o kà á. Má fo ìlà kankan torí pé o fẹ́ tu Ìyá nínú. Mo tún gbé e síta lórí ayélujára kí àwọn tó ń tẹ ara bíi tiwa lè rí i.

Òjò ò dá ní Bàrígà. Omi ọ̀sà ti dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá mi, mi ò sì rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ tí n bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ̀yin tí mo pè lánàá náà pa fóònù mọ́ mi létí. Ẹ ní èmi tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ́ ni mo fẹ́ wá kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tẹ ara.

Òótọ́ ni, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Gbogbo Ṣakí ló mọ ọwọ́ yín. Ẹ máa ń sọ pé bí aláìsàn bá ké, àìsàn ló ń jáde. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé wá sí ilé másáàjì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Palmgrove. Àwọn oníbàárà á ní Ṣìfáwù làwọn ń fẹ́, pé ọwọ́ àwọn yòókù ti rọ̀ jù. Inú mi a sì máa dùn.

Ọ̀gá wa obìnrin kọ́ wa pé kí á máa kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ méjèèjì wé ara wọn. Bí ọ̀kan bá wú, tó gbóná, tí ìkejì ò ṣe nǹkan kan, a ò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́, ọsibítù ló kàn. Mo rò pé ojo ni.

Lóṣù tó kọjá, ọkùnrin kan tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú wá bá mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kánò dé, tọ̀sán-tòru ló fi jókòó sínú ọkọ̀. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ kan wú, ó gbóná. Mo rí i, ìyá mi. Mo rí i, mo sì bu òrí lé e. Ó ní kí n má rọra, àbí mi ò tíì jẹun ni. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ké, mo ń rẹ́rìn-ín pé ó ti ń jáde. Ó dìde, ó ṣàdúrà fún mi, ó ní àyà kàn ń fún òun díẹ̀ ni. Kò dé ilé rẹ̀ ní Fọlá Àgòrò tó fi ṣubú, kò sì dìde mọ́. Dókítà sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ló dì sí i lẹ́sẹ̀, tó ṣí kúrò níbẹ̀, tó lọ dí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Dókítà ò dárúkọ mi. Èmi ni mo dárúkọ ara mi fún obìnrin náà.

Músílíù wá sọ fún mi pé láti ìgbà tí Bàbá ti wá kí mi ní Èkó tí wọ́n padà sílé, ẹsẹ̀ wọn ọ̀tún nìkan ló wú, ó sì gbóná. Ó ní àràárọ̀ lẹ ń tẹ̀ ẹ́, Bàbá ń ké, inú yín ń dùn. Ẹ̀rù ń bà mí gidigidi.

Ọwọ́ yín dára, ó ti wo ọ̀pọ̀ ènìyàn sàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò lára Bàbá. Kí Músílíù wá ọkọ̀, kí ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù lónìí, kí ẹ sọ pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú. Bí wọn ò bá ti mí dáadáa mọ́, ẹ má dúró ka ìyókù.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí Bàbá sí. Kó fi yín sílẹ̀ fún wa pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Kó má sì jẹ́ kí ọwọ́ yín mọ ohun tí ọwọ́ mi mọ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Ṣìfáwù