Ẹ̀rọ Ṣúgà Kí Ìyá Rẹ

Àkọ́bí mi,

Ṣé ara le? Ṣé ọ̀gá rẹ kò kanra mọ́ ọ? Àwa náà wà, ọpẹ́ ni. Ẹni tó bá ní kí o má ríṣe, òun ni yóò jókòó sílé. Àmín.

Ẹ̀rọ tí o fi ránṣẹ́, èyí tí wọ́n fi ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi, dé láìfọ́, mo sì ń faṣọ bò ó kí òtútù má baà mú un. Wọ́n ní kí n máa gún ìka láràárọ̀ kí n tó jẹun. Ogójì ọdún tí mo ti ń ránṣọ ni mo ti ń gún ìka ara mi, kò sẹ́ni tó fún mi ní máàkì rí. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa kọ nọ́ńbà tó bá jáde sínú ìwé, kó má kọjá àádóje. Igba ó lé ogún ló ń jáde. Mo ṣàlàyé fún ẹ̀rọ náà pé àwọn oníbàárà ló ń ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún mi, èmi kọ́ ni mò ń rà á, kò gbọ́.

Nígbà tó ku ọ̀la kí n lọ rí nọ́ọ̀sì, mo bẹ ìyá rẹ kó yá mi ní ìka kan. O mọ̀ pé òun kì í ṣàìsàn, àfi òùngbẹ tó ń gbẹ ẹ́ láti bí oṣù méjì, tó ń mumi tó sì ń tọ̀ ṣáá, a ní ooru ni. Ẹ̀rọ kò mú nọ́ńbà jáde, lẹ́tà méjì ló kọ, H àti I. Mo gbé e lọ bá tíṣà tó fẹ̀yìn tì lójúlé kejì, ó ní bí òyìnbó ṣe ń kíni nìyẹn. Ká má purọ́, ó dùn mí. Oṣù kan gbáko ni mo ti ń bọ́ ẹ̀rọ yìí lẹ́jẹ̀, kò kí mi rí, ọjọ́ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ yọjú sí i, ó ti kí i. Síbẹ̀ mo bá a dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ kejì mo fi ṣàwàdà fún nọ́ọ̀sì. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, màmá dà?” Mo ní ó ń sùn, láti àárọ̀ ni oorun ti ń kùn ún. Ó ní ìkíni kọ́ o, ṣúgà rẹ̀ ti kọjá ohun tí ẹ̀rọ lè kà ni. Ọmọ mi, mo sáré débi pé bàtà mi kan bọ́ sọ́nà, n kò bojú wẹ̀yìn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi fa omi sí ìyá rẹ lára nílé ìwòsàn. Mo jókòó tì í, mo jẹ́wọ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ fi tan nọ́ọ̀sì jẹ. Ó ní, “Ọpẹ́lọpẹ́ irọ́ yín.”

Ó ti padà sílé. Òun náà ti ń lo oògùn, a kì í fi ṣúgà sí tíì mọ́, búrẹ́dì ti di ègé kan, mo sì ti ní kí àwọn oníbàárà máa ra omi fún mi. Láràárọ̀ la ń fẹsẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, ìyá rẹ ló ń ṣíwájú. Lánàá tirẹ̀ jẹ́ ọgọ́fà, tèmi àádọ́jọ, kò sì jẹ́ kí n gbádùn.

Bébà tí à ń kán ẹ̀jẹ̀ sí ti fẹ́ tán, torí àwa méjì la ń lò ó. Jọ̀wọ́, fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, kí o sì fi ti bàtà tó rọ̀ fún ìyá rẹ kún un. Ìwọ náà, lọ yẹ ara rẹ wò, ilé tí o ti jáde nìyí.

Mo kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kí ayé rẹ dùn bí oyin, ìyá rẹ ní kí n pa á rẹ́. Kí ayé rẹ dùn níwọ̀nba.

Èmi ni bàbá rẹ.