Apá Ọ̀tún Àǹtí Dúdú

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta, 2025
Àǹtí Dúdú, ọkọ̀ wa àtijọ́, ti ń tẹ̀ sọ́tùn-ún níwájú láti oṣù tó kọjá. Ọ̀tún sì ni ìyàwó mi máa ń jókòó. Osaro, mẹkáníìkì wa, wo ọkọ̀, ó wo oyún oṣù méje Níkẹ́, ó bú sẹ́rìn-ín: "Oga, na madam dey press am down." Èmi náà rẹ́rìn-ín, òmùgọ̀ bíi tèmi. Níkẹ́ ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Ó ní kéké lòun máa wọ̀ lọ sọ́jà Santana. Òun ò fẹ́ ba ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ jẹ́. Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀! Ọkọ̀ tí a jọ rà!

Ọjọ́bọ̀, 6
Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Kéké ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì lójú ọ̀nà Uwasota. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń tọrọ oyún yìí. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Afẹ́fẹ́ táyà — dọ́gba. Osaro gbé sípíríìnì òsì sọ́tùn-ún, tọ̀tún sósì. Ó ṣì tẹ̀ sọ́tùn-ún. Kì í ṣe sípíríìnì nìyẹn. Kò sì sẹ́nì kankan nínú ọkọ̀ o! Mo sọ fún Níkẹ́. Ó ní mò ń tu òun nínú lásán ni, ó kọjú sógiri.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Lẹ́yìn ìsìn. Bọ̀dá Jayéọlá ní irú ọkọ̀ wa gan-an. Mo gbé Àǹtí Dúdú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn lórí kọnkéré ṣọ́ọ̀ṣì, mo lóṣòó tagbádá-tagbádá, mo fìka wọn àlàfo òkè táyà iwájú. Tiwọn: ìka mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Tiwa: mẹ́rin lọ́tùn-ún. Lósì — mẹ́fà! Bọ̀dá ní ṣé owó mi ló bọ́ ni.
Ọ̀tún ò tẹ̀ rárá. Òsì ló ga jù. Ẹ̀gbẹ́ tèmi.

Ọjọ́ Ajé, 10
Mo bi Osaro léèrè ohun tó ṣe lápá òsì lóṣù tó kọjá. Ó ní òun pààrọ̀ nǹkan kan níbẹ̀. Bọ́ọ̀ṣì ni, rọ́bà tó wà níbi tí irin táyà ti so mọ́ ọkọ̀. Orí jáàkì ló ti dè é pinpin, nígbà tí táyà ṣì ń rọ̀ dirodiro. Rọ́bà náà wá le síbẹ̀, kò jẹ́ kí ọkọ̀ jókòó. Ó tú bóòtù, a gbé táyà sílẹ̀, a mi ọkọ̀ lókè nísàlẹ̀, ó tún un dè. Àǹtí Dúdú jókòó pẹ̀sẹ̀.
Mo ní iṣẹ́ ò tíì parí, kó wá bẹ madam. Ó gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó dání wá: "Madam, abeg, no vex. Na my hand cause am."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Níkẹ́ mi jókòó síwájú. Mo tún gbogbo ẹ̀ ṣàlàyé. Ó gbọ́ tán, ó gbọ́wọ́ lé ikùn, ó wò mí: "Èmi kọ́ ni mo tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ̀gbẹ́ tìẹ ló kọ̀ tí kò wálẹ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyàwó mi. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.
A dé Santana. Kò sọ̀kalẹ̀. Ó ní kí n wà á yípo ọjà náà lẹ́ẹ̀kan sí i.