Ẹlẹ́dẹ̀ Ìdána Rẹ Ń Wúkọ́

Toản, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Hà Nội? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò pa ọ́ lára? Ṣé Hằng ìyàwó wa ń jẹun? Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn baba ńlá wa. Mo tan tùràrí fún wọn nítorí rẹ, mo ní kí wọ́n má jẹ́ kí ọ̀gá rẹ rí àṣìṣe rẹ. Ìyá rẹ kí ọ. Ìyá àgbà náà kí ọ, wọ́n ní kí o máa wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì léra.

Ohun tó mú mi jókòó kọ̀wé ni ẹlẹ́dẹ̀ tí a fẹ́ sun lódindi gbé lọ sílé àna rẹ. Ara rẹ̀ ò yá. Má fòyà, jẹ́ kí n rò fún ọ bó ṣe jẹ́.

O mọ̀ pé òtútù ọdún yìí le. Àánú ẹran náà ṣe mí, mo bá fi tapólì bo ilé rẹ̀ yíká, mo dí gbogbo ihò, mo sì ń dáná èèpo ìrẹsì síbẹ̀ kí ó lè máa yáná. Bí mo bá wọlé báyìí, omi á máa dà lójú mi, mo rò pé ooru náà ló dáa tó bẹ́ẹ̀, àṣé ìtọ̀ rẹ̀ ló ń ta mí lójú. Mo tún wò ó pé òun nìkan ló wà, mo lọ ra ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́rin lọ́jà, lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́rin, kí wọ́n lè máa bá a ṣeré. Ọ̀kan nínú wọn ń sín bọ̀ látọ̀nà, mo ní eruku ni. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹfà, gbogbo wọn ń wúkọ́.

Dókítà ẹran gun alùpùpù dé, ọmọbìnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Diễm. Ó gbé fóònù sí ẹ̀bá imú ẹran náà, mo sì rò pé ìwọ lo wà níbẹ̀, mo ṣí fìlà, mo kí ọ. O ò dáhùn, mo mọ̀ pé ẹnu iṣẹ́ lo wà. Diễm ní ikọ́ lòun ń gbà sílẹ̀ káwọn ọ̀gá òun lè gbọ́. Mo ní ṣé kò sẹ́ni tó ń wúkọ́ nílé wọn ni.

Ó tún fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n béèrè pé mélòó ló ń sùn nínú yàrá kan, níbo ni wọ́n ti wá, ṣé atẹ́gùn ń wọlé. Mo kọ òótọ́: mẹ́ta ni wá, èmi, ìyá rẹ àti Ìyá àgbà, abúlé mẹ́ta la ti wá, ìwé ìròyìn la sì fi dí fèrèsé láti oṣù kọkànlá. Diễm kà á, ó wò mí, ó ní bàbá, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni mo bi yín o, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ṣí fèrèsé yẹn náà. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ó ní òtútù àyà ni. Ó ní ilé tí mo sé pa, èéfín, ìtọ̀ tí n ò gbá, àti àlejò tí mo dà mọ́ onílé láì kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀, àwọn ló fà á. Mo ká tapólì kúrò lókè, mo kó àwọn mẹ́rin sẹ́yìnkùlé, ó sì gún gbogbo wọn lábẹ́rẹ́. Láàárọ̀ yìí ẹran ńlá náà jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán, ó fẹ́ jẹ garawa mọ́ ọn.

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyí: Diễm ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹ ẹran rẹ̀ títí oṣù kan fi máa pé lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ìdána sì ku ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Ìyá rẹ ní ká yá ti Quýnh ará ilé kejì, ká san ẹlẹ́dẹ̀ padà fún un tó bá yá. Mo kọ̀ jálẹ̀.

Toản, n ò sọ èyí fún ọ rí. Ẹlẹ́dẹ̀ tí mo gbé lọ fẹ́ ìyá rẹ, mo yá a ni. Bàbá ìyá rẹ sì mọ̀, torí àwọn gan-an ni wọ́n ta ẹran náà fún ẹni tó yá mi. Wọ́n kàn bu tíì fún mi ni. Ojú ṣì ń tì mí dòní.

Nítorí náà, bá mi bẹ bàbá Hằng kí wọ́n sún ìdána síwájú ní ọ̀sẹ̀ méjì. Sọ fún wọn pé ẹran wà, ìtọ́jú ló ń gbà. Tọ́wọ́ rẹ bá sì gbà á, fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún đồng ránṣẹ́ kí n fi ra fáànù fún ilé ẹlẹ́dẹ̀. Má fi í gba inú fóònù, ó lè já bọ́ lọ́nà. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni kí o fún.

Àwọn baba ńlá wa á sìn ọ́ dé ẹnu ọ̀nà àna rẹ. Ohun tí o máa gbé wọlé, tìrẹ ni yóò jẹ́. Wàá jókòó, wàá mu tíì wọn, wàá sì lè wojú wọn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Khoát