Bàálù Tó Kọjú Sọ́nà Ilé Wa

Ìwàrà, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.

Akíndélé ọmọ mi,

Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ọlọ́run tó kó wa yọ nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yìí kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ gbá òkúta nílẹ̀ àjèjì. Àlàáfíà la wà. Òjò ti dé, kòkó ti ń so, ìyá rẹ sì ń kí ọ, ṣùgbọ́n inú ń bí i sí ọ díẹ̀, ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ gan-an nìyẹn.

Nínú lẹ́tà tí o kọ nígbà Àjíǹde, o ní wákàtí mẹ́fà péré ni bàálù ń lò láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù. Mo tún ibẹ̀ kà. Èmi baba rẹ tí mo ń kó obì lọ Kano, ọjọ́ méjì la fi ń jókòó sórí àpò nínú lọ́rì, síbẹ̀ kò sí Kérésì tí n kò wálé. Ìwọ oníwákàtí mẹ́fà, ọdún karùn-ún rèé, a ò rí ọ. Mo wá ń fura. Mo lọ bá Tísà Adéjọbí ní ilé ìwé Mẹ́tọ́díìsì wa, ó fi òwú wọn ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù nínú máàpù, ó ní ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta máìlì. Mo ní ta ló fẹsẹ̀ rìn ín tó fi mọ̀? Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ni mo bá bá Silas, ọmọ àbúrò mi tó ń wa lọ́rì pákó, lọ sí pápá bàálù n'Íkẹjà. A dúró lẹ́yìn ọgbà wáyà, ọkùnrin kan tó ń ta gúgúrú nawọ́ sí bàálù ńlá kan, ó ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń lọ. Ó sáré, ó gbéra, ó kọjú sí òkun. Mo ní ó dáa, òkun náà ni ọkọ̀ ojú omi ń gbà lọ ìlú òyìnbó. Àfi bó ṣe yípo, tó kẹ́yìn sí òkun, tó gba òkè orí wa padà, tó kọjú sọ́nà ilé wa gan-an! Mo fi igbe ta pé ó ti ṣìnà. Silas ní bó ṣe máa ń lọ nìyẹn, pé apá àríwá ni Lọ́ńdọ̀nù wà. Títí a fi dé Ìbàdàn ni mo yọrí lójú fèrèsé lọ́rì, tí mò ń wá bàálù náà lókè.

Ọmọ mi, tó bá jẹ́ pé apá ibí ni Lọ́ńdọ̀nù wà, a jẹ́ pé orí òrùlé wa lo gbà lọ, ibẹ̀ náà lo máa gbà bọ̀. Kí ló dé tí ẹ gbọ́dọ̀ dé Èkó kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀? Ta ló ní kí dírẹ́bà má dúró ní Òṣogbo, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú? Àbí o ò sọ fún un pé o ní ìyá? Àbí o ti fẹ́ ẹnì kan níbẹ̀ tó ní kí o má wálé?

Mo délé, mo ròyìn ohun tí mo rí fún ìyá rẹ. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti gbọ́ ìró bàálù, yóò fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná, yóò sáré bọ́ sí gbangba, yóò tú gèlè, yóò máa fì í sókè, yóò máa pe orúkọ rẹ. Àdíját aládùúgbò wa ní kó yé pariwo, pé wọn ò lè gbọ́ ọ lókè lọ́hùn-ún. Ìyá rẹ ní kò pọn dandan kí o gbọ́, kí o ṣáà ti wo ilẹ̀ ni. Ọbẹ̀ tó ń jóná, èmi ni mò ń jẹ ẹ́.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi owó rán ẹni tó bá ń bọ̀, kí n fi ra páànù tuntun, kí òrùlé wa máa dán, kí dírẹ́bà lè dá a mọ̀ láàárín àwọn yòókù. Bí o kò bá sì ní dúró, kọ ọjọ́ tí o máa kọjá ránṣẹ́, kí ìyá rẹ lè sinmi lọ́jọ́ tó kù.

Ọlọ́run yóò pa ọ́ mọ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ yóò gbà ọ́, ṣùgbọ́n kò ní mọ́ ọ lára jù.

Èmi ni baba rẹ,
Elisha Ọdúntán