Ojú Morẹ́nikẹ́

Agbo-ilé Alápó,
Tẹ̀dé.

Àyọ̀ká ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ọmọ lọ́wọ́, mo kí àna mi kú iṣẹ́ òòjọ́, mo sì kí Morẹ́nikẹ́ fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì mọ̀ mí. Ọlọ́run tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀ kò ní jẹ́ kí o sunkún ọmọ. Ọmú rẹ kò ní gbẹ. Oorun tí ọmọ náà kò jẹ́ kí o sùn báyìí, yóò san án padà fún ọ lọ́jọ́ alẹ́. Bí o bá fẹ́ mọ bí a ti wà, a wà, orúnkún mi nìkan ni kò fẹ́ gbọ́ràn.

Òjò ti dé nílé. Ó kọ́kọ́ bá wa ṣeré, ó rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lọ, gbogbo èèyàn ń wo ojú ọ̀run, kó tó tún padà wá rọ̀ dáadáa, àgbàdo sì ti yọ. Ewúrẹ́ rẹ, èyí tí etí rẹ̀ gé, ti bí ìbejì, ó sì ti ya olè, ó ń jẹ iṣu tí mo sá sórí àpáta fún èlùbọ́. Wọ́n gbé pásítọ̀ tuntun wá fún wa. Ohùn wọn kò ròkè, ṣùgbọ́n wọn kì í pẹ́ nídìí ìwàásù, a dúpẹ́.

Mo lọ sí báńkì ní Ṣakí bí o ti ní kí n lọ. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn ní àwọn fẹ́ ya ojú mi kí àwọn lè mọ̀ pé èmi ni mo ni owó mi. Mo ní ṣé kò sí ẹni tó mọ̀ mí ní gbogbo Ṣakí ni? Mo dárúkọ bàbá mi, mo dárúkọ ìyá mi, mo tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara mi kó lè dá a lójú. Ó ní kí n má bínú, ẹ̀rọ náà kò gbọ́ oríkì. Ó ní kí n ti gèlè sẹ́yìn kí etí mi méjèèjì hàn, nítorí ẹ̀rọ náà kì í gba ojú tí nǹkan bá bò. Mo ṣe é o, níwájú àwọn ọkùnrin. Fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ lórí rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi lẹ́yìn ìkómọ. Nígbà tí o ní kí n má ì tíì wá, pé nítorí orúnkún mi ni, mo gbà, mo ní n ó máa wo àwòrán. Nígbà tó dé, n kò tètè ṣí i. Mo wẹ̀, mo pààrọ̀ aṣọ, nítorí kò yẹ kí ìyá àgbà fi aṣọ oko pàdé ọmọ ọmọ rẹ̀. Mo rí ọ, o ti sanra, aṣọ funfun yẹn yẹ ọ́. Mo wá wo orí itan rẹ. Àyọ̀ká, n kò ní purọ́ fún ọ, ẹ̀rù bà mí. Ọwọ́ ọmọ wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ kékeré wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ rí roboto, ó pọ́n bí ìyeyè, ó sì ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú eyín tó pé lókè nísàlẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ogójì ọjọ́.

Mo sọ fún ara mi pé ibà pọ́njú ni. Ti eyín yẹn ni kò yé mi, ṣùgbọ́n mo ní bóyá wàrà inú agolo ní ń tètè mú eyín jáde ní Èkó. Nígbà tí o pè tí o bi mí bóyá mo rí ọmọ mi, mo ní mo rí i, ó rẹwà púpọ̀. Ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ti ọmọ ẹlòmíràn. O kò mẹ́nu ba pípọ́n náà, èmi náà kò mẹ́nu bà á, mo rò pé o ń fi pamọ́ kí àyà mi má baà já.

Ta ni mo tún lè fi hàn bí kò ṣe Ìyá Àmúdà, ìyálé wa tí yàrá wọn kọjú sí tèmi? Wọ́n fi ojú wọn kan tó ń ríran wò ó títí, wọ́n ní èyí kì í ṣe kékeré. Kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti wọ igbó. Èèpo igi tí mo di fún Ràsáàkì onímọ́tò pé kó gbé fún ọ, tí o ní o kò mọ ohun tó wà fún, àwọn ló bó o. Wọ́n tún gbé ọ̀rọ̀ náà dé àsàlátù wọn, gbogbo àwọn ìyá oníhíjáàbù fi tẹ̀sùbáà ṣe àdúà fún Morẹ́nikẹ́ ọmọ Àyọ̀ká tí ojú rẹ̀ pọ́n. Àwa náà gbààwẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ ní kí n dárúkọ àìsàn náà, mo ní ibà ni, n kò sọ ti eyín.

Ìgbà tí Tíṣà Débọ́lá, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn wa, ti ìsinmi dé ló tó wo àwòrán náà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní ara ọmọ le, pé nǹkan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àwòrán ni, pé ojú ọmọ mi gan-an wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ní kó bá mi ṣí i, ó ní kò ṣeé ṣí. Nígbà tó lọ, mo fi aṣọ tútù rọra nu fóònù náà. Kò ṣí lóòótọ́.

Mo ti bi í kí ló dé tí èèyàn yóò bí ọmọ tí yóò lẹ nǹkan mọ́ ọn lójú, ó ní ìbẹ̀rù ojú ayé ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi pè ọ́, tí o sì tú ọ̀rọ̀ náà fún mi, pé wòlíì yín rí ìyá arúgbó olójú kan ní agbo-ilé wa tó ń nawọ́ sí ọmọ náà, pé ẹnikẹ́ni láti ilé kò gbọ́dọ̀ rí i títí yóò fi rìn. Èmi náà, ilé ni mo wà. Mo gbé fóònù náà lé itan. O ń ṣe hẹ́lòó, hẹ́lòó, o rò pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló lọ. Kì í ṣe nẹ́tíwọ̀ọ̀kì.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ ìwé nìyí. Obìnrin tó máa ń dá sí ọ̀rọ̀ wa nínú fóònù pé owó ti tán, mo máa ń kí i, mo sì ń gbàdúrà fún un, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí àlejò ń gbọ́.

Ọjọ́ tí mo bí ọ, ibà gbé mi dè, n kò mọ ibi tí mo wà. Ìyá mi ti kú. O kéré débi pé àwọn èèyàn ń wò ọ́ tí wọ́n ń mi orí. Ìyá Àmúdà ló gbà ọ́. Orí ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n ti ń wẹ̀ ọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, wọ́n ń fi òrí pa ọ́ lára, wọ́n ń na apá rẹ, wọ́n ń tẹ orí rẹ títí ó fi rí bó ṣe rí yìí tí ọkọ fi wò ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan wá bá bàbá rẹ pé ọmọ tí kò tó nǹkan báyìí, kí wọ́n gbé e pamọ́ fún ojú ayé. Bàbá rẹ gbé ọ jáde lọ́jọ́ ìkómọ, wọ́n gbé ọ lé gbogbo èèyàn lọ́wọ́, onígbàgbọ́ àti ìmàle, títí kan àwọn tí wọ́n ń bá du ilẹ̀. Wọ́n ní Ẹni tó fún àwọn lọ́mọ kì í sùn, nítorí náà àwọn yóò lọ sùn. Wọ́n sì sùn lóòótọ́, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń hanrun.

Nítorí náà, ọmọ mi, ó ṣeé ṣe kí wòlíì yín ríran dáadáa. Bóyá ó rí ìyá olójú kan tó nawọ́. Kò kàn mọ ohun tí ọwọ́ náà ń fẹ́ ni. Ó ń fẹ́ gba ọmọ wẹ̀ ni.

N kò ní kò sí ẹni ibi. Wọ́n wà ní Tẹ̀dé, wọ́n sì wà ní Ìkòròdú lọ́dọ̀ yín. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ Ọlọ́run kò bá tó bo Morẹ́nikẹ́, ṣé nǹkan pupa eléyín yẹn ni yóò tó? Nígbà tí o wà ní kékeré, o dúró níwájú ìjọ, o kígbe ẹsẹ Bíbélì rẹ bí ẹni tó ń kiri epo, pé ẹni tó ń bẹ̀rù èèyàn ti ki ẹsẹ̀ bọ pàkúté, ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé Olúwa ni kò séwu fún. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́, mo sunkún. Mo rò pé ìwọ náà gbọ́ ohun tí o ń sọ. Báńkì tí kò bí mi, tí n kò bí, ní òun kò gba ojú tí wọ́n bá bò. Ṣé èmi tí mo bí ìyá ọmọ ni kí n gbà á?

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Fi owó òróró orúnkún ránṣẹ́, kí o fi owó mọ́tò sí i, nítorí bí o bá ní kí n máa bọ̀, mo ti di ẹrù, èlùbọ́ àti òrí àti kànhìnkànhìn tuntun. Bó bá sì jẹ́ pé dátà ni kò tó gbé ojú ọmọ náà dé Tẹ̀dé, má tijú, wí fún mi, n ó ta ọ̀kan nínú ọmọ ewúrẹ́ kí n fi bá ọ kún un.

N kò sọ ohun tí wòlíì rí fún Ìyá Àmúdà, n kò sì ní sọ ọ́. Bí àwòrán tí o kò bò bá dé, ọ̀dọ̀ wọn ni n ó kọ́kọ́ gbé e lọ, n ó sì gbé e sí apá ọ̀tún, níbi tí ojú wọn ti ń ríran.

Olúwa yóò máa ṣọ́ ọ ní ìjókòó àti ní ìdúró. Yóò mú ẹ̀rù kúrò láyà rẹ bí o ṣe ń mú ọmọ kúrò lẹ́yìn, jẹ́jẹ́. Ọmọ tí o bí yóò bí tirẹ̀, ìwọ ni yóò pè láti wá wẹ̀ ẹ́.

Ìyá Àmúdà ló ń wúkọ́ ní ẹnu ọ̀nà yìí. Wọ́n ní kí n bi ọ́ nínú ìwé náà bóyá ojú ọmọ ti ń mọ́. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, pé ó ku díẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.